Mọ́ọ̀tì Tí Salome Rà Sílẹ̀ De Kóòṣì

Inú kẹ̀kẹ́ ni Salome wà, báàgì ìrìn-àjò rẹ̀ lórí itan, nígbà tí rédíò oníkẹ̀kẹ́ sọ ọ́. Ó ń ti Mọ̀pà bọ̀, níbi tí wọ́n ti sin àbúrò ìyá rẹ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà lára gèlè rẹ̀, oorun sì ń kùn ún. Onírédíò sọ̀rọ̀ nípa epo bẹntiróòlù, ó sọ̀rọ̀ nípa odò tó ń kún, lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, pé ikọ̀ Lékeléke Lokoja, àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n nínú líìgì àgbà, ti ní kóòṣì tuntun. Bàsítì ti lọ. Ràfíátù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Salome ní kí oníkẹ̀kẹ́ yí ohùn rédíò náà sókè. Kí ọwọ́ ọkùnrin náà tó débẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n gba Old Market kọjá, ọ̀kadà ń há mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, Salome ń rò ó. Ràfíátù tí òun fi ọwọ́ ara òun bọ́ ló di kóòṣì òun, inú rédíò oníkẹ̀kẹ́ lòun sì ti gbọ́.

Ẹ má rò pé ipò kóòṣì ló ń wù ú o. Lóòótọ́, nígbà tí sáà parí tí àwọn Lékeléke fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ kúrò nínú líìgì, tí gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ pé Bàsítì máa lọ, àwọn kan ń sọ pé Salome tó jẹ́ balógun ikọ̀ ni kí wọ́n gbé e fún. Salome ní òun kò fẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ ní tòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kó fi sáà kan péré sí i gbá bọ́ọ̀lù ní Lokoja, kó sì bọ́ bàtà rẹ̀ nílé, lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Ara ti ń sọ fún un. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀, ó ti sọ fún Bàsítì, ó ti sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wọn ní Otokiti pé kí wọ́n múra, nítorí ọjọ́ tí òun bá gbá èyí tó kẹ́yìn, gbogbo wọn ni yóò wá jókòó síbẹ̀.

Ní ti Ràfíátù, ọmọ Ọ̀fà ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Lokoja, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ Ebira, kò gbọ́ Hausa, ó sì ń tijú láti sọ Pidgin. Ilé Salome ní Otokiti ló gbé fún ọdún méjì gbáko. Salome ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n láti abẹ́. Òun náà ló kọ́ ọ bí àwọn ará ilé òun ṣe ń kíni, pé ẹni bá wọlé tọ ará Okun, kó ní "Okun o," kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ràfíátù gbà á sẹ́nu débi pé àwọn kan rò pé Mọ̀pà ni wọ́n bí i sí.

Ọdún tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀ nínú ìdíje kan ní Kàdúná, ẹ̀yìn Salome ló gùn jáde kúrò nínú pápá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ń rìn, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ká dáadáa mọ́. Orí àga ló ti ń kírun láti ìgbà náà. Bọ́ọ̀lù gbígbá tán fún un, ó lọ kọ́ṣẹ́ kóòṣì ní Àbújá, ó ṣe igbákejì kóòṣì níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ọdún iléyá kan tí kì í pe Salome. "Àǹtí mi" ló máa ń pè é.

Ẹ wá wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi jẹ kóòṣì, tí kò sì lè wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ìlú tó gbọ́.

Nígbà tí Salome délé, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó rojọ́ náà fún ọkọ rẹ̀. Ọláníyì lorúkọ ọkọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán pátápátá kó tó la ẹnu. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kí wọ́n múra ní ọ̀la kí wọ́n lọ kí Ràfíátù kú oríire, nítorí ẹni tí oríire bá bá ni wọ́n ń lọ kí nílé. Salome ní ẹni tí oríire bá bá ló ń kọ́kọ́ wá sọ fún ará ilé rẹ̀. Ọláníyì ní ọmọdé ni ọmọdé ń jẹ́. Salome ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun, ṣé ọwọ́ tí kò wẹ̀ yẹn ni òun fẹ́ lọ bọ̀ kú oríire? Àwọn méjèèjì ló jàre. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn agbábọ́ọ̀lù kó ara wọn jọ láti lọ kí kóòṣì tuntun nílé tí wọ́n gbà fún un. Goodness ló wá pe Salome. Ọmọbìnrin kúkúrú ni Goodness, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá, ẹ̀gbẹ́ Salome ló sì máa ń jókòó lórí àga gígùn tí wọ́n ń sinmi lé. Salome ní orí ń fọ́ òun. Goodness wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí orí tó ń fọ́ níbẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ó padà wá jábọ̀. Ó ní wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, kóòṣì sì béèrè Àǹtí Salome.

"Kí ló ní?" ni Salome bi í.

Goodness ní kóòṣì ní ṣé ara wọn le, òun sì ní ara wọn le. Kóòṣì kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Salome ní ó dáa. Ẹni tó mọ orúkọ òun láti béèrè mọ ọ̀nà Otokiti pẹ̀lú, ojú ọ̀nà náà kò tíì dí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sá eré ìdárayá lọ sí apá ọ̀nà èbúté tuntun bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo àsìkò ìsinmi, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó mọ̀ pé bí líìgì bá ti wà ní ìsinmi, àwọn ikọ̀ a máa fi ènìyàn pààrọ̀ ènìyàn. Ẹ fún wa ní ẹni gíga, a ó fún yín ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù. Kóòṣì tuntun a máa sọ irú ẹni tó ń fẹ́, máníjà a sì máa wá a. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni méjì ti kúrò lára àwọn Lékeléke, ẹnì kan sì ti dé láti Ìbàdàn. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn lójú méjèèjì.

Obed ni máníjà, ará Ìdàh, Igala pọ́nńbélé, ṣùgbọ́n Lokoja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ènìyàn rere ni. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tó bá sì gbọ́ lẹ́nu rẹ ló gbà pé ó wà nínú rẹ. Ó pe Salome sí yàrá kékeré tó fi ń ṣe ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé. Àwọn Àṣá Ìlọrin ń wá àgbà tí yóò kó àwọn ọmọ wọn jọ. Wọ́n fẹ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ga tó jẹ́ pé kò ní pẹ́ fi orí kan òrùlé. Salome ni wọ́n dárúkọ. Obed ní òun ti sọ fún wọn pé Salome kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi pààrọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé nǹkan ti yí padà, tí kóòṣì tuntun sì ti dé, ó tọ́ kí òun bi Salome fúnra rẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ dúró, àbí wọ́n fẹ́ lọ?

Ọ̀rọ̀ mà rọrùn o. "Mo fẹ́ dúró." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n Salome wo ògiri, ó rí fọ́tò tuntun tí wọ́n ti gbé kọ́, Ràfíátù láàárín, àwọn agbábọ́ọ̀lù yí i ká pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì sí òun níbẹ̀. Nǹkan kan gbóná nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi mí ránṣẹ́ síbẹ̀ tó bá wù yín, Máníjà. Mi ò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Obed wò ó. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní mọ ohun tó ń jẹ́? Ẹ̀bẹ̀ ló ń pè. Ẹni tí inú ń bí a máa dìde, a sì máa ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ, bó sì ṣe ń ṣe ìyẹn, ojú rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò di aṣọ rẹ̀ mú. Bí kò bá sí ẹni dì í mú, báwo ni yóò ṣe jókòó padà? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń parí ìjà nílé ìyá Salome ní Mọ̀pà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ ní Ọ̀fà. Obed kì í ṣe ará ibẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Salome pé ó jẹ́ ẹni tí kò le láti bá sọ̀rọ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Salome ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn kó tó délé. Obed yóò sọ fún Ràfíátù. Ara Ràfíátù yóò bù máṣọ. Yóò pe Bàsítì tí kò tíì kó kúrò ní ìlú, yóò ní kó bá òun wá àgbà kan tàbí méjì, gbogbo wọn yóò sì wá sí Otokiti nírọ̀lẹ́. Ràfíátù yóò bẹ̀bẹ̀. Òun yóò kọ́kọ́ bínú, òun yóò sọ ọ̀rọ̀ rédíò oníkẹ̀kẹ́ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun yóò bi í léèrè ẹni tó gbé e jáde nínú pápá ní Kàdúná. Lẹ́yìn náà òun yóò ní ó ti tán. Wọn yóò mu nǹkan tútù, òun yóò sì gbá bọ́ọ̀lù fún kóòṣì òun ní sáà tó ń bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Nítorí náà ó fọ aṣọ tó bo àga pálọ̀, ó nu fọ́tò ìgbéyàwó, ó sì ra mọ́ọ̀tì, ó tò ó sínú fíríìjì. Nígbà tí Ọláníyì ti ibi iṣẹ́ dé tó fẹ́ mú ọ̀kan, Salome ní kó jọ̀ọ́, ti àlejò ni. Ọláníyì bi í pé àlejò wo. Ó ní àlejò tó ń bọ̀. Ọláníyì mu omi.

Àlejò kò dé lọ́jọ́ náà. Kò dé ní ọjọ́ kejì. Salome ní bóyá Bàsítì ni kò ráàyè. Nígbà tí iná lọ tí mọ́ọ̀tì gbóná, ó bú àwọn oníná, iná padà dé, mọ́ọ̀tì tún tutù. Kò lọ sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú nítorí kí àwọn ènìyàn má baà wá kí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọkọ̀ kankan kò lè dúró lójú títì kí Salome má yọjú lójú fèrèsé. Ọláníyì ń wò ó títí di ọjọ́ kan tó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé bí òun bá pe Ràfíátù lórí fóònù fúnra òun, ṣé ó burú? Salome ní tó bá dán an wò, òun yóò kó lọ sí Mọ̀pà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù ikọ̀ náà, fọ́tò tó dára gan-an, níbi tó ti fò sókè tí bọ́ọ̀lù ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn Lékeléke dúpẹ́ lọ́wọ́ balógun wọn fún gbogbo ọdún tó fi sìn wọ́n, àwọn Àṣá Ìlọrin ló ń lọ bá, Ọlọ́run yóò ṣọ́nà. Goodness ti kọ àdúrà sí i. Àwọn tó kù ti ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́.

Salome kà á, ó tún un kà. Ó jókòó sórí àga tó fọ aṣọ rẹ̀. Ó pe Obed. Kí Obed tó kí i tán ló ti ń bi í pé ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Obed kò mọ ohun tó ń bá a jà. Ó ní wọ́n ti fi orúkọ Àǹtí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alákòóso líìgì láti àná, kò ṣeé yí mọ́, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti wà lójú ọ̀nà láti Ìlọrin. Nígbà tó wá yé e pé Salome kò fẹ́ lọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá.

"Ṣùgbọ́n mo bi yín, Àǹtí," ló ní. "Mo tún bi yín lẹ́ẹ̀kejì. Bí ènìyàn bá sọ fún mi pé òun ń lọ, ẹrù ni mo máa ń bá a gbé."

Salome bi Obed pé kóòṣì ńkọ́, kí ni kóòṣì sọ? Obed ní òun sọ fún kóòṣì pé Àǹtí ní kí wọ́n fi òun ránṣẹ́. Kóòṣì ní òun kò lè fi ipá di ẹ̀gbọ́n òun mú, kí wọ́n jẹ́ kí Àǹtí lọ ibi tí ọkàn wọn bá fẹ́.

Salome sunkún. Kò fi pamọ́. Ọláníyì jókòó tì í títí ó fi dákẹ́, ó wá ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ẹnu ẹni náà la sì fi ń sọ pé a fẹ́ ẹ. Inú bí Salome sí òwe náà nítorí òótọ́ ni. Ọkùnrin náà dìde, ó lọ ṣí fíríìjì, ó mú mọ́ọ̀tì méjì jáde, ó ṣí méjèèjì, ó sì gbé ọ̀kan fún un. Ó ní kí wọ́n mu ún, àlejò kò wá mọ́.

Bí Salome ṣe di ará Ìlọrin nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe é níbẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fún un ní yàrá tó dára, àwọn ọmọ náà ń pè é ní Mọ́mì, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó bá wí. Ó kọ́ wọn, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn tọkàntọkàn, nítorí òun kì í ṣe ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ilé kan kó máa wo ìta. Nígbà tí Ọláníyì bá lè wá ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò wá. Nígbà tí òun bá sì ń lọ sílé, ojú ọ̀nà gba Mọ̀pà kọjá, yóò yọ orí lójú fèrèsé wo ilé bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ ní Otokiti ń bi í lórí fóònù pé ìgbà wo ni ti ìkẹyìn yẹn. Yóò ní Ìlọrin ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní kò burú, ibi gbogbo náà ni ti Olúwa.

Ràfíátù kò pè é. Òun náà kò pe Ràfíátù. Ọdún iléyá dé, ó kọjá.

Nígbà tí sáà dé ìdajì, ó kan àwọn Àṣá Ìlọrin láti wá gbá bọ́ọ̀lù ní Lokoja. Gbọ̀ngàn eré náà kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn obìnrin ìjọ Otokiti wá gbogbo wọn nínú bọ́ọ̀sì kan, Ọláníyì láàárín wọn, wọ́n ní àwọn kò mọ ti ikọ̀ méjì, Salome làwọn wá wò. Nígbà tó wọlé pẹ̀lú aṣọ pupa àwọn ará Ìlọrin lọ́rùn, ariwo sọ. Àwọn kan ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pariwo pé kó bọ́ aṣọ burúkú yẹn. Ó juwọ́ sí wọn, ó sì tẹ̀ síwájú nínú ìdárayá rẹ̀, kò wo apá ibi tí àwọn Lékeléke wà.

Bó ṣe tẹ̀ ba láti so okùn bàtà rẹ̀ ló rí i pé gbọ̀ngàn náà ti pa rọ́rọ́. Ó gbójú sókè. Ràfíátù ń bọ̀. Ó fi àárín pápá gba ọ̀nà rẹ̀ tààrà, ó ń tiro díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, súwẹ́tà kóòṣì lọ́rùn rẹ̀, fèrè lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú Salome, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó di afẹ́fẹ́ mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, lójú gbogbo Lokoja.

"Okun o, Àǹtí mi."

Orí àga lẹni yìí ti ń kírun. "Ràfíátù, orúnkún yẹn," ni Salome wí.

"Ẹ jẹ́ kó dùn mí. Mo wá, Àǹtí. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀, mo wá sí Otokiti láti wá sọ fún yín. Ẹ ti lọ sìnkú ní Mọ̀pà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo ní irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún àgbà lórí fóònù, pé màá padà wá. Ọjọ́ kejì ni rédíò gbé e."

"Kí ló dé tó ò padà wá?"

"Ojú ń tì mí. Gbogbo wọn wá kí mi, ẹ ò wá. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́, mo rò pé ẹ ti kọ̀ mí ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Salome ti tò sílẹ̀ nígbà náà, ti rédíò, ti Kàdúná, ti ọdún méjì ní Otokiti, ó wá wọn nínú ara rẹ̀, kò rí wọn mọ́. Ohun kan ló kù láti sọ, òun náà ló sì sọ.

"Mò ń dúró dè ẹ́ ni. Mo ra mọ́ọ̀tì sílẹ̀."

Ràfíátù bo ojú rẹ̀. Adájọ́ eré ti ń wo aago. Salome ní, "Dìde, Kóòṣì, wọ́n ń retí wa." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ràfíátù gbìyànjú láti dìde, orúnkún kò gbà fún un. Salome ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e dìde, ó sì fi apá Ràfíátù kọ́ èjìká ara rẹ̀, wọ́n jọ rìn díẹ̀díẹ̀ gba àárín pápá kọjá títí dé ibi àga gígùn àwọn Lékeléke, ó sì fi í jókòó sí ìkángun.

Goodness wà lórí àga náà. Kò ronú rárá, ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń sún láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó fi àyè sílẹ̀ fún Salome láti jókòó. Salome wo àyè náà. Adájọ́ fọn fèrè, Salome sì yí padà, ó sáré lọ bá àwọn ará Ìlọrin.